ỌWỌ́ TÍ Ó ṢE ÌLÙ

Ọ̀rọ̀ tí Ẹgbẹ́ Akọrin sọ fún ìjọ àti àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún



 Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ránṣẹ́ sí wa pé kí ẹgbẹ́ akọrin sọ̀rọ̀ lórí orin nínú ìjọ, a kọ́kọ́ rò pé kí a ka orúkọ àwọn tí ó ti darí orin níhìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti di ṣíṣe ní ojú-ewé mìíràn nínú ìwé yìí. Nítorí náà a tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọ kankan, tí wọn kò sì wọ aṣọ akọrin rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé láìsí wọn, ohùn ẹnu nìkan ni ìbá kù fún wa. Àwọn náà ni àwọn tí ń ṣe ohun-èlò orin: àwọn tí ń gbẹ́ igi, tí ń fá awọ, tí ń rọ agogo, tí ń hun ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní orí kẹrin ìwé Jẹ́nẹ́sísì, a kà nípa Júbálì, ẹni tí í ṣe bàbá àwọn tí ń lo dùùrù àti fèrè. Ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e gan-an ni ó sọ fún wa nípa Túbálì-Káínì, ẹni tí ń rọ idẹ àti irin. Lámékì ni ó bí àwọn méjèèjì. Ìyá wọn ni kò pa pọ̀. Ọbàkan ni Yorùbá ń pè wọ́n. Nínú ìwé Númérì, orí kẹwàá, nígbà tí Olúwa fẹ́ kí a máa fi fèrè pe ìjọ Ísírẹ́lì jọ, bí a ó ti ṣe fèrè náà ni ó kọ́kọ́ bá Mósè sọ, pé kí ó jẹ́ méjì, kí ó jẹ́ fàdákà, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí a fi òòlù lù. Lẹ́yìn èyí ni ó tó sọ bí a ó ti máa fun ún. Sólómọ́nì ọba ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kó igi iyebíye wá fún un láti ilẹ̀ òkèèrè, ó fi lára igi náà ṣe òpó fún ilé Olúwa, ó sì fi lára rẹ̀ ṣe dùùrù fún àwọn akọrin. Igi kan náà ni ó gbé ilé ró, tí ó sì kọrin nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú ti bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní ìlú Cremona ní ilẹ̀ Ítálì, ìdílé díẹ̀ ni ó fi ṣíṣe fayolíìnì, ìbátan gòjé tiwa, ṣe ogún fún àwọn ọmọ wọn: ìdílé Amati, ìdílé Guarneri, àti Antonio Stradivari tí ó kú ní 1737. Títí di òní, bí a bá mú ọ̀kan nínú èyí tí Stradivari ṣe jáde, orúkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń dá kí a tó bèèrè ẹni tí yóò ta á. Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni a bí Adolphe Sax ní 1814. Bàbá rẹ̀ ń ṣe ohun-èlò orin, òun náà sì gba iṣẹ́ náà, títí ó fi gba ìwé àṣẹ fún sasofóònù ní ilẹ̀ Faransé ní 1846. Ní ìlú Elkhart ní Amẹ́ríkà, Charles Conn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fèrè idẹ ní àwọn ọdún 1870, ìlú kékeré náà sì di olókìkí fún ohun-èlò ẹgbẹ́ bándì. Bí ẹ bá yí fèrè idẹ tí àwọn ọmọ Boys' Brigade wa ń fun padà, ẹ ó rí i pé a fín orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sí i lára. Bí ẹ bá ṣí ìdérí dùùrù wa, orúkọ ẹni tí ó ṣe é wà lókè ibi tí a ń tẹ̀, ní àwọ̀ wúrà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ìyáàlù ìjọ yìí sílẹ̀, tí a yẹ̀ ẹ́ wò lókè àti nísàlẹ̀, a kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni. A wo ìwé ìṣirò owó ìjọ: iye tí a fi rà á wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ṣe é kò sí. Ohun tí ó mú wa wá síwájú yín lónìí nìyí.

Ìtàn kò ṣàì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá jókòó ní Kúdẹtì ní 1853 láti wàásù Ìhìnrere, ìlú ológun ni Ìbàdàn ń ṣe. Ìlù wà níbi gbogbo: ìlù ogun, ìlù ìjòyè, ìlù egúngún, ìlù òrìṣà. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà Olúwa gbọ́ nígbà náà kò lè gbọ́ ìró bàtá kí wọ́n má rántí Ṣàngó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìlù sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a kò sì jẹ́ bú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí Dùgbẹ̀ sì di ibi tí ọjà òkè òkun ń gbà wọlé, ó wá dà bí ẹni pé ohun-èlò tí ó yẹ fún ilé Ọlọ́run kò lè ti ibòmíràn wá ju inú àpótí tí a kàn ní ìṣó láti ìlú òyìnbó lọ.

Síbẹ̀ àwọn kan rí i pé ohun kan sọnù. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìyìn ní ohùn ilẹ̀ wa, ní 1922 ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ekundayo Phillips, ẹni tí ó tẹ dùùrù ní Christ Church ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wa pé orin tí ó bá tẹ ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́lẹ̀ ti yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà padà. Ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Fela Sowande, ọmọ àlùfáà, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, mú orin ilẹ̀ wa wọ inú ẹgbẹ́ olóhun-èlò ńlá ti àwọn òyìnbó. Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, Kristẹni ni, ọba aládé ni, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ojú kò tì í. Nínú ìjọ tiwa yìí, ọjọ́ Ìkórè nìkan ni ìlù kọ́kọ́ ń wọlé. Lẹ́yìn náà ó di ọjọ́ Àjíǹde. Nísinsìnyí kò sí ọjọ́ ìsinmi tí a kì í gbọ́ ọ. Ìlù ni a pè padà, ará. Ẹni tí ń ṣe é ṣì wà lóde.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn kò ní gbàgbé ìlù tí ó máa ń dún lórí rédíò kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ọmọdé ń túmọ̀ pé ó ń bèèrè pé bí Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọba. Kò sí ilé-iṣẹ́ rédíò tí yóò bi ará ìlú ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwa ni a gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín, àti ohùn ìsàlẹ̀ ni èdè wa ní, àwọn mẹ́ta náà sì ni dùndún ní; nítorí náà bí ó ti ń dún ni etí wa ń wá ọ̀rọ̀ fún un. Ohun-èlò tí ó lè ṣe báyìí kì í déédéé bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é.

Igi ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀ àti apá ni àwọn agbẹ́gi fẹ́ràn jù fún ìlù. Ọ̀mọ̀ fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Apá le, ó wúwo, ó sì ń pẹ́. Àwọn àgbà oníṣẹ́ a máa wí pé igi tí ó hù lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù fún ìlù tí yóò sọ̀rọ̀, nítorí pé láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn. A ó fi àáké gé ìtì igi náà sí ìwọ̀n, a ó mú kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, kí ìbàdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú rẹ̀ láti ẹnu méjèèjì wá, títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé ní ìbàdí. Níhìn-ín ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Ojú kò ríran dé inú ibẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ni ń wò ó. Bí ògiri igi náà bá nípọn níhìn-ín tí ó sì fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, ìlù náà yóò dún, ṣùgbọ́n kò ní dùn. Bí a bá sì sá igi tútù sí oòrùn nítorí ìkánjú, yóò là, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ yóò sì di igi ìdáná. Abẹ́ òjìji ni a ń gbé e sí, kí ó gbẹ ní ìwọ̀n ara rẹ̀.

Lẹ́yìn igi ni awọ. Awọ ewúrẹ́ ni. Fún ojú ìyáàlù, wọ́n ń wá èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù lọ, awọ ọmọ ewúrẹ́ tí kò tíì jẹ koríko rí. A ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó fá irun rẹ̀, a ó fá ọ̀rá àti ẹran tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú sùúrù, nítorí abẹ tí ó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní tútù ni a ń nà án bo ojú ìlù, tí a ń rán an mọ́ òrùka tí ó yí ẹnu igi ká. Nígbà náà ni ọṣán yóò wọlé. Láti ara awọ ni a ti ń gé ọṣán pẹ̀lú, ní yíyí ọ̀bẹ ká awọ kan ṣoṣo títí yóò fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. A ó máa fi í ti òrùka òkè bọ́ sí òrùka ìsàlẹ̀, lọ àti bọ̀, títí yóò fi bo ìbàdí igi náà bí òjò tí ń rọ̀. Ọṣán yìí ni ahọ́n ìlù. Nígbà tí onílù bá fi apá fún un mọ́ ìhà, ojú ìlù a le, ohùn a sì gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a rọ̀ sílẹ̀. Láàrin ìfún àti ìdẹ̀ náà ni gbogbo oríkì tí ẹ ti gbọ́ rí wà.

Ní etí ojú ìyáàlù ni ṣaworo wà, agogo wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ fi idẹ rọ. Kọ̀ngọ́ tí a fi ń lù ú, igi títẹ̀ ni, tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ ka iye ọwọ́ tí ó wà nínú ìlù kan: ọwọ́ agbẹ́gi, ọwọ́ ẹni tí ń fá awọ, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, kí ó tó kan ọwọ́ onílù. Júbálì kò lè ṣe é láìsí Túbálì-Káínì.

Ìyáàlù kì í sì í dá rìn. Gángan ń bẹ, kẹríkẹrì ń bẹ, ìsáájú ń bẹ, kànnàngó kékeré tí ohùn rẹ̀ mú ń bẹ, gúdúgúdú sì ń bẹ. Ojú kan ṣoṣo ni gúdúgúdú ní. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí igbá. A fi ìda dúdú lẹ̀ ẹ́ lójú kí ohùn rẹ̀ lè rí bí a ti fẹ́, awọ líle méjì tí a lọ́ pọ̀ ni a sì fi ń lù ú. Kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, ohùn rẹ̀ kì í sì í yí padà; ṣùgbọ́n òun ni ó ń pa agbo mọ́. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà nínú gbogbo ìjọ, ẹ sì mọ̀ wọ́n. Bí òyìnbó bá ń pe àkójọ ohun-èlò tirẹ̀ ní ọ̀kẹ́sítírà, kí ni a ó pe èyí?

Ẹ má ṣe wí pé ní ìgbèríko nìkan ni iṣẹ́ yìí wà, pé kò kan àwa ará Ìbàdàn tuntun. Lóòótọ́, àwọn ìdílé onílù ti Ọ̀yọ́ àti ti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni òkìkí wọn kàn jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo Bódìjà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba kọ́ ilé sí ibẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Lónìí, bí a bá dárúkọ ọjà Bódìjà, pákó ni a rántí, ẹran ni a sì rántí. Ìtì igi ń ti inú igbó wá síbẹ̀, màlúù àti ewúrẹ́ ń ti Òkè Ọya wá. Ní 2018 ni ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn alápatà kó lọ sí Amósùn ní Akínyẹlé, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ ni igi àti awọ ti pàdé ní ọjà kan ṣoṣo náà. Ohun tí ìlù nílò ti ń gba iwájú ilé wa kọjá, láti Agbowó títí dé Challenge, nígbà tí àwa ń fi owó ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Nísinsìnyí a ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa, a kò sì ní fi bò. Ní ọjọ́ Ìkórè ọdún kejì sí èyí, ní àárín orin ìdúpẹ́, ojú ìyáàlù wa ya. Àwọn kan fi ṣe àwàdà pé ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Ṣùgbọ́n àdúnjù kọ́ ni ó ya á. Àìtọ́jú ni. Láti ọdún dé ọdún ni ó ti ń sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìmúra akọrin, lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, tí eku sì ń jẹ ọṣán rẹ̀. Dùùrù wa ní ìdérí, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ní ẹni tí a ń sanwó fún láti tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ìyáàlù kò ní nǹkan kan.

A kọ́kọ́ gbé e tọ ẹnì kan tí ń tún ìlù òyìnbó ṣe, ó sì fi awọ ọ̀rá bò ó fún wa, pẹ̀lú inú rere. Láti nǹkan bí 1957 ni irú awọ ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ti ń rọ́pò awọ ẹran lójú ìlù ní Amẹ́ríkà, ó sì wúlò fún ìlù bándì, nítorí òjò kì í dẹ̀ ẹ́, ọyẹ́ kì í sì í fà á le. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í gbọ́ràn sí ọṣán lẹ́nu bí awọ. Ìyáàlù wa dún; kò sọ̀rọ̀. Onílù wa gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ orin kan, ó ní òun kò lè máa lu odi.

Lẹ́yìn ìbéèrè púpọ̀ ni a rí bàbá arúgbó kan, ọmọ ìdílé Àyàn, tí ó ní àtíbàbà lẹ́yìn ọjà pákó. Nígbà tí a kí i kú iṣẹ́, tí a sì ro ẹjọ́ wa fún un, kò dáhùn. Ó ṣí awọ ọ̀rá náà kúrò, ó fi ìka gbá igi náà, ó gbé etí sí i. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, igi yìí kò kú. Awọ ni ó kú, ẹ̀yin ni ẹ sì pa á.” A bẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni ó ki ọwọ́ bọ inú ìlù náà, ó pẹ́ kí ó tó yọ ọ́. Ó ní kí ọ̀kan nínú wa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú. A fi ọwọ́ kan ojú ọ̀bẹ lára igi nínú lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá ní, “Ọlọ́wọ́ òsì ni ó gbẹ́ ẹ. Bàbá mi ni.”

Ẹ̀yin ará, orúkọ tí a wá lórí ìlù tí a kò rí, inú ni ó wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti ń lù ú.

A bi í léèrè iye tí yóò gbà. Ó dárúkọ owó tí kò tó èyí tí a san fún awọ ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ni òun náà bi wá léèrè ohun kan. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni òun bí, ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, ọ̀kan ń gun ọ̀kadà, àwọn yòókù ń ṣòwò. “Wọ́n ń ṣe dáadáa, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí n kò bá sí mọ́, ta ni ẹ ó gbé e tọ̀?” A kò ní èsì. Ó ní bí a bá ní ọmọ kan tí ó ní sùúrù, kí a mú un wá. Òun kò ní gba owó ẹ̀kọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan nínú akọrin wa ní òun fẹ́ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ìjọ, kò rọrùn. Àgbà kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní àwọn ìdílé Àyàn ní òrìṣà tí wọ́n ń sìn láti ayébáyé, bàbá náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí. Báwo ni a ó ti mú ọmọ ilé Ọlọ́run fún un? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni ó sọ. Ẹ̀rù kan náà tí ó ba àwọn bàbá wa ní Kúdẹtì ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní nígbà tí Sólómọ́nì ń kọ́ ilé Olúwa, ará Tírè ni ó ránṣẹ́ pè láti wá rọ gbogbo idẹ rẹ̀, Hírámù ọmọ opó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Tírè. A kò sì kà á pé ilé náà bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Àwa náà lọ bá bàbá onílù, a sọ ẹ̀rù tí ń bà wá fún un láìfi pamọ́. Kò bínú. Ó ní, “Bí a ti ń fá awọ ni n ó kọ́ ọ. Àdúrà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi.” Ìpàdé gbà.

Ìyá ọmọ náà ní ìbéèrè tirẹ̀, òun ni ó sì le jù. Ó ní, “Ṣé yóò rí jẹ níbẹ̀?”

Ó ti pé ọdún kan àti ààbọ̀ báyìí tí ọmọ náà ti ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé àti ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, omi pípọn àti ìdọ̀tí gbígbá ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ba awọ méjì jẹ́. Bàbá kò lù ú, ó kó wọn kọ́ sí ojú ògiri kí ó máa wò wọ́n. Kò tíì lè gbẹ́ igi. Ọ̀gá rẹ̀ ní ó ku ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n awọ tí ó wà lójú ìyáàlù tí ẹ ó gbọ́ ní ìsìn ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fá a, ọwọ́ rẹ̀ ni ó rán an, ojú bàbá ni ó wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi tí bàbá bàbá gbẹ́, ọmọ ìjọ yìí ni ó wọ̀ ọ́ láṣọ.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bẹ ìjọ yìí, àti ẹ̀yin àlùfáà àlejò tí ẹ ó padà sí ìjọ tiyín, ní ohun mẹ́ta, kí ìbéèrè ìyá náà lè ní èsì.

Èkínní, kí a kọ orúkọ. Ohun-èlò yòówù tí ìjọ bá rà tàbí tí ó bá tún ṣe, ìbáà ṣe ìlù, ìbáà ṣe agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ọdún rẹ̀ sínú ìwé ìjọ. A ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyáàlù yìí, bàbá sì ti sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún wa kí a kọ ọ́ síbẹ̀.

Èkejì, kí a ya owó sọ́tọ̀. Owó ìtọ́jú dùùrù wà nínú ìṣirò ọdọọdún wa, kò sì burú. Kí owó ìtọ́jú ìlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awọ ń gbó, ọṣán ń já. Bí iṣẹ́ bá ń ti ìjọ mẹ́wàá wá lọ́dọọdún, kì í ṣe ọmọ kan nìkan ni yóò rí jẹ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìlù bá ya nìkan ni a ń rántí oníṣẹ́, yóò ti lọ gun ọ̀kadà kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé a ń gàn ọ̀kadà. A ní ọkọ̀ púpọ̀ ní Ìbàdàn, agbẹ́gi-ìlù ni kò pọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a gbin igi. Apá àti ọ̀mọ̀ ń di ọ̀wọ́n nínú igbó, nítorí àwọn tí ń gé wọn pọ̀ ju àwọn tí ń gbìn lọ. Àyè wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa, lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọjá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bá jẹ́ òtítọ́, kò sí ibi tí ó dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ti tọ́jú ọ̀dọ́ igi ọ̀mọ̀ méjì, a sì bẹ Bàbá wa Bíṣọ́ọ̀bù pé kí ó bá wa gbìn wọ́n kí àjọ̀dún yìí tó parí. Àwa tí a wà níhìn-ín kò ní gbẹ́ wọn. Àwọn tí yóò ṣe àjọ̀dún mìíràn lẹ́yìn wa ni yóò mọ ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A kò fẹ́ kí ìjọ yìí gbẹ. Bàbá arúgbó náà ti ṣèlérí láti wá jókòó lẹ́yìn ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi, láti gbọ́ bí ìlù bàbá rẹ̀ yóò ti dún. Bí ẹ bá rí i, ẹ kí i kú iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run tí ó fi ẹ̀mí ọgbọ́n sínú Bésálẹ́lì fún gbogbo iṣẹ́ ọnà bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wa, kí ó dá wọn sí, kí ó sì fún wọn ní ọmọ tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí ó jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀ bá ìjọ yìí pẹ̀lú orin lẹ́nu àti ìlù lọ́wọ́. Àmín.